Ilé oúnjẹ Ítálì tuntun ládùúgbò: ẹ yọ́ lọ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó kó ẹbí lọ

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé oúnjẹ Ítálì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ládùúgbò wa. Mo fẹ́ kó àwọn ará ilé lọ jẹun ọ̀sán níbẹ̀ lọ́jọ́ Sunday kan. Àwọn ìbejì ti pé ọdún méje, Ìdòwú jẹ́ mẹ́rin, bàbá wọn á wà níbẹ̀, ìyá ọkọ mi náà á wà níbẹ̀. Yàtọ̀ sí pízà, mi ò mọ nǹkan kan nínú oúnjẹ wọn. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ibẹ̀ dáa, kí la sì máa ní kí wọ́n gbé wá tí ojú ò fi ní tì mí lọ́dọ̀ màmá? Màmá Ìbejì."

Màmá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ ní kíṣìnì àwọn ará Ítálì, ìdí àwo fífọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó gbà mí láyè nídìí ìkòkò pásítà, torí náà irú ìbéèrè báyìí kì í sú mi. Oúnjẹ kan pàtó wà tí màá ní kẹ́ ẹ pè, màá dárúkọ ẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Àmọ́ ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ ni pé kẹ́ ẹ má tíì kó ẹnì kankan lọ. Ẹ̀yin nìkan ni kẹ́ ẹ yọ́ lọ, lọ́sàn-án ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ abọ́ kan péré, kẹ́ ẹ sanwó, kẹ́ ẹ máa bọ̀ nílé. Tí oúnjẹ ọ̀hún ò bá dáa, ẹ̀yin nìkan lẹ rí i, màmá ò sí níbẹ̀.

Ojú mi ló rí i kí n tó máa sọ bẹ́ẹ̀. Ilé oúnjẹ kan ṣí nígbà kan, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣí ni èmi tó yẹ kó mọ̀, èmi alásè, kó èèyàn méje lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sunday. A jókòó láago kan. Búrẹ́dì dé, a jẹ ẹ́ tán, omi dé, a mu ún tán. Nígbà tó máa fi di aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, oúnjẹ àwa àgbà dé, ti àwọn ọmọdé ò dé, èyí tó kéré jù nínú wọn ti ń fa tíṣù ya, ó ń fi sẹ́nu. Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn yẹn ò mọ oúnjẹ í sè o. Wọn ò tíì mọ bí wọ́n ṣe máa sè é fún ogójì èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà ni, wétà ò tíì mọ nọ́ńbà tábìlì, ẹni tó wà nídìí iná ò tíì mọ̀ pé tí pízà márùn-ún bá wọlé, pásítà gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ kí wọ́n lè jọ jáde. Ibi tuntun wo ni kì í rí bẹ́ẹ̀? Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí iṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ìràwọ̀ márùn-ún márùn-ún tẹ́ ẹ máa rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́sẹ̀ kìíní tàn yín jẹ, àbúrò ọ̀gá, ọ̀rẹ́ ọ̀gá àti ìyá ọ̀gá ló kọ púpọ̀ níbẹ̀.

Ó dáa, ẹ ti dé ibẹ̀, ẹ ti jókòó. Ẹ gba mẹ́nù, ẹ má tíì wo ohun tẹ́ ẹ máa jẹ, ẹ wò bó ṣe gùn tó. Tí oúnjẹ ibẹ̀ bá tó ọgọ́rin, tí pízà wà ńbẹ̀, tí bọ́gà wà ńbẹ̀, tí sushi àwọn ará Japan náà wà ńbẹ̀, fìrísà ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe alásè. Kíṣìnì tó ní èèyàn mẹ́rin ò lè se ọgọ́rin oúnjẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ lójúmọ́, kò ṣeé ṣe. Mẹ́nù ojú ìwé kan, pásítà bíi mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹran àti ẹja bíi mẹ́rin, inú mi á balẹ̀.

Nǹkan kejì tí mo máa ń wá nínú mẹ́nù ni ibi tí alásè ti wá, tàbí ibi tó ti kọ́ṣẹ́. Ọdún 1861 ni Ítálì ṣẹ̀ṣẹ̀ di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, kó tó dìgbà yẹn kálukú ló ń se tiẹ̀, dòní olónìí ẹ ò lè bá ará ìlú Bologna jà lórí ọbẹ̀ ẹran ẹ̀ kẹ́ ẹ borí. Lápá òkè lọ́hùn-ún, bọ́tà, ìrẹsì àti pásítà ẹlẹ́yin ni wọ́n mọ̀ jù. Róòmù ló ni ṣíìsì àgùntàn tí wọ́n ń pè ní pecorino àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ tí wọ́n ń pè ní guanciale. Naples, ìlú kan lápá ìsàlẹ̀, ló ni tòmátò, pásítà gbígbẹ àti pízà. Tẹ́ ẹ bá wá rí mẹ́nù tó jẹ́ pé oúnjẹ apá ibì kan ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ẹni tó mọ nǹkan tó ń ṣe ló kọ ọ́. Èyí tó kó gbogbo Ítálì pọ̀ mọ́ra wọn, ó lè dáa o, ṣùgbọ́n mi ò ní sáré gbà á gbọ́.

Ẹ máa rí àwọn ọ̀rọ̀ kan lórí mẹ́nù tó máa ń da èèyàn láàmú. Antipasti ni ìpanu tó ṣáájú oúnjẹ, primi ni pásítà, ìrẹsì àti ọbẹ̀ olómi, secondi ni ẹran àti ẹja, contorni ni ẹ̀fọ́ àti ọ̀dùnkún, dolci ni nǹkan dídùn. Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ pe gbogbo ẹ̀. Ibi táwọn èèyàn ti máa ń bínú ni pé wọ́n á pe ẹran lábẹ́ secondi, ẹran á dé lóun nìkan, gbalasa lórí àwo, wọ́n á ní wọ́n ti rẹ́ àwọn jẹ. Wọn ò rẹ́ yín jẹ. Ẹ̀fọ́ tó yẹ kó tẹ̀ lé e wà lábẹ́ contorni, ẹ̀yin lẹ máa pè é lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni pásítà tó wá nínú àwo tó kéré, nílé wọn lọ́hùn-ún nǹkan bí 80 sí 100 gíráàmù pásítà gbígbẹ ni wọ́n ń sè fún èèyàn kan, torí wọ́n mọ̀ pé ẹran ń bọ̀ lẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá sì rí "coperto" nínú bíìlì, owó ìjókòó àti búrẹ́dì ni, orí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà á lé. Kì í ṣe gbogbo ibi ni wọ́n ti ń gbà á, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó jókòó, ẹ̀yin mẹ́fà lẹ ń bọ̀.

Ó dọwọ́ ohun tẹ́ ẹ máa pè lọ́jọ́ àyẹ̀wò yẹn. Spaghetti al pomodoro ni. Sìpàgẹ́tì oní tòmátò lásán. Mo mọ̀ pé ó máa yà yín lẹ́nu, ẹ̀ẹ́ ní kí ló wà níbẹ̀ tí ọmọdé ò lè sè. Òun gan-an nìyẹn! Tòmátò, òróró ólífì, aáyù tàbí àlùbọ́sà, ewé bésìlì tó jẹ́ ìbátan efinrin, iyọ̀, ó tán. Kò sí kíríìmù tí wọ́n máa da bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, kò sí edé tí ojú yín máa lọ sára ẹ̀, kò sí ẹran. Alásè tí kò dáa lè fara pamọ́ sẹ́yìn edé ńláńlá, kò lè fara pamọ́ sẹ́yìn tòmátò.

Tó bá ti dé iwájú yín, ẹ má tíì jẹ ẹ́. Ẹ fi fọ́ọ̀kì ká pásítà yẹn, ẹ gbé e sókè, ẹ wo ìsàlẹ̀ àwo. Tí omi pupa bá ń ṣàn lábẹ́ ẹ̀, tí pásítà fúnra ẹ̀ sì funfun, á jẹ́ pé wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n wá bu ọbẹ̀ lé e lórí, ká sòótọ́, ohun tẹ́ ẹ lè ṣe nílé nìyẹn. Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é ni pé kí wọ́n yọ pásítà kúrò lórí iná nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kó jinná, kí wọ́n dà á sínú páànù tí ọbẹ̀ wà, kí wọ́n bu omi tí wọ́n fi bọ̀ ọ́ díẹ̀ sí i, kí wọ́n wá máa jù ú sókè sódò títí gbogbo ẹ̀ á fi di ara kan. Omi yẹn kì í ṣe omi lásán, sítáàṣì ti jáde sínú ẹ̀ láti ara pásítà, sítáàṣì yẹn ló ń fi ipá mú òróró àti omi tòmátò jọ gbé pọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kálukú á bá tiẹ̀ lọ. Ohun tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ kọ́ mi nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ da omi pásítà nù sínú síǹkì, ó wò mí bí ẹni tó da owó oṣù ẹ̀ nù.

Ẹ wá wo ara pásítà yẹn. Èyí tó dáa, ara ẹ̀ máa ń rí gbaragbàra bíi pé ìyẹ̀fun ṣì wà lára ẹ̀ díẹ̀, torí irin idẹ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn ará Gragnano lẹ́bàá Naples ló lókìkí jù nídìí ẹ̀. Ara gbaragbàra yẹn ni ọbẹ̀ máa ń dì mọ́. Èyí tó ń dán yọ̀ọ̀ bíi rọ́bà, ọbẹ̀ á máa yọ̀ kúrò lára ẹ̀ ni. Ẹ fi eyín gé okùn kan, ẹ wo ojú ibi tẹ́ ẹ gé. Tẹ́ ẹ bá rí àmì funfun tíńtín láàárín ẹ̀, tí kò ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ, wọ́n sè é dáadáa, òun ni wọ́n ń pè ní al dente. Tí àmì yẹn bá tóbi, tó ń ṣe bí ẹfun lẹ́nu, kò jinná. Tí kò bá sí rárá, tí pásítà ti wú, tó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ó ti pẹ́ jù nínú omi, tàbí kẹ̀, wọ́n ti bọ̀ ọ́ láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó dé.

Adùn ẹ̀ ńkọ́? Tòmátò gbọ́dọ̀ dùn kó sì kan díẹ̀, méjèèjì papọ̀. Tó bá dùn bíi súìtì, ṣúgà ni wọ́n fi tàn yín. Ẹ má sì bínú tí wétà bá ní tòmátò inú agolo ni, tòmátò San Marzano inú agolo tí wọ́n ká nígbà tó pọ́n dáadáa sàn ju tútù tí ò pọ́n lọ, kíṣìnì wa náà ò lo nǹkan míì lọ́pọ̀ oṣù nínú ọdún. Nǹkan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni báwọn èèyàn ṣe rò pé láyé àtijọ́ ni Ítálì ti ń jẹ tòmátò, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n gbé e ti Amẹ́ríkà dé Yúróòpù ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Kẹ́ ẹ tó dìde, ẹ bi wétà ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Kí lẹ ṣe níbí fúnra yín lónìí?" Tó bá ní gbogbo ẹ̀ ló dáa, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ máa lọ. Tó bá ní gnocchi, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀dùnkún òyìnbó ṣe, la ṣe láàárọ̀ yìí, àmọ́ pásítà gbígbẹ la rà, mo gbà á gbọ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni wétà tí ò mọ̀ ọ́n, tó ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n bi alásè, tó lọ tó sì padà wá. Ẹ ò sì gbọdọ̀ rò pé pásítà tútù ló ga ju gbígbẹ lọ o, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, tútù tí wọ́n fi ẹyin pò ló bá ọbẹ̀ ẹran àti bọ́tà mu, gbígbẹ ló bá tòmátò, òróró àti nǹkan inú òkun mu. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Bologna fi máa ń kanra tí wọ́n bá gbọ́ "spaghetti bolognese". Tagliatelle, pásítà ẹlẹ́yin pẹlẹbẹ yẹn, ni wọ́n ń fi jẹ ọbẹ̀ ẹran wọn tí wọ́n ń pè ní ragù, wọ́n tiẹ̀ lọ fi ìlànà bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ ọ̀hún pamọ́ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ìlú wọn lọ́dún 1982, bí ẹni ń fi ìwé ilẹ̀ pamọ́.

Ti pízà, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá ní ti Naples làwọn ń ṣe, ẹ pe Margherita, tòmátò, ṣíìsì mozzarella, bésìlì. Inú ààrò tó gbóná tó nǹkan bí 430 sí 485 dígírì ló ń wọ̀, kì í lò ju ìṣẹ́jú àáyá 60 sí 90 lọ kó tó jáde. Ẹgbẹ́ kan wà ní Naples láti ọdún 1984 tó ń ṣọ́ ìlànà ẹ̀, UNESCO, àjọ tó ń rí sọ́rọ̀ àṣà lágbàáyé, náà sì ti kọ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é sínú ìwé àṣà tó yẹ ká tọ́jú lọ́dún 2017. Torí iná yẹn le, etí ẹ̀ máa ń ní àmì dúdú tótòtó, àárín ẹ̀ sì máa ń rọ̀, ẹ ò lè gbé e ṣánṣán. Àwọn èèyàn á ní ó ti jóná létí, kò sì jinná láàárín, wọ́n á ní kí wọ́n gbé e padà. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn jàre. Ẹ ká a pọ̀, ẹ jẹ ẹ́. Tó bá jẹ́ ti Róòmù ni wọ́n ń ṣe, tiẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì máa ń dún kàrà lẹ́nu, ẹ má fi ọ̀kan dá èkejì lẹ́jọ́.

Ká sọ pé àyẹ̀wò lọ dáadáa, ẹ ti fẹ́ kó wọn lọ. Ẹni tí mo ń bẹ̀rù nínú yín ni màmá, kì í ṣe àwọn ọmọ. Mo ti rí i láìmọye ìgbà. Ìyá àgbà á fi fọ́ọ̀kì gún pásítà, á jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀ jẹ́jẹ́, á wo ọmọ ẹ̀ lójú, á ní "èyí ò jinná." Ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ ò lè máa ṣàlàyé al dente fún àgbàlagbà tó ti ń se oúnjẹ kí wọ́n tó bí yín, bó sì jẹ́ pé eyín ń yọ màmá lẹ́nu ńkọ́? Torí náà ẹ má pe sìpàgẹ́tì fún màmá rárá. Ẹ pe lasagne fún wọn, pásítà pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn, inú ààrò ni wọ́n ti ń sè é, ọbẹ̀ ẹran àti ọbẹ̀ funfun onímílíìkì ti rẹ pásítà yẹn dáadáa, ó rọ̀, ó gbóná, ó sì ní ìwúwo oúnjẹ gidi. Gnocchi náà á bá wọn lẹ́nu mu, ọ̀dùnkún ni wọ́n fi ń ṣe é. Nyọ́kì ni wọ́n ń pè é o, bẹ́ẹ̀ náà ni bruschetta, búrẹ́dì yíyan wọn, jẹ́ bruskẹ́ta, tẹ́ ẹ bá ti rí "ch" nínú èdè wọn, "k" ni. Tí màmá bá fẹ́ ẹran, ossobuco ti Milan ni kẹ́ ẹ wá, ojúgun ọmọ màlúù tí wọ́n gé pẹ̀lú egungun, wọ́n á sè é pẹ́ títí á fi máa já fúnra ẹ̀, mùdùnmúdùn á sì wà nínú egungun yẹn. Màmá á gbàgbé pé ìlú òyìnbó ni oúnjẹ náà ti wá.

Risotto, ìrẹsì wọn, náà rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ìrẹsì yẹn máa ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú méjìdínlógún lórí iná láti ìbẹ̀rẹ̀, tó bá dé láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n ti sè é dé ìdajì tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, àwa náà ṣe é, mi ò ní parọ́ fún yín. Nǹkan tẹ́ ẹ máa wò ni pé tẹ́ ẹ bá mi àwo, kó rìn díẹ̀ bí ìgbì omi. Tó bá dúró gbagidi bí òkìtì, ó ti pẹ́ tó ti ń dúró dè yín.

Tí ẹ̀yin fúnra yín bá fẹ́ pásítà carbonara, ẹ bi wọ́n bóyá kíríìmù wà nínú ẹ̀. Ẹyin, pecorino, guanciale, ata dúdú, kò tún sí nǹkan míì, ẹyin yẹn ló ń ṣe bíi kíríìmù. Mi ò kí ń ṣe ara àwọn tó máa ń bínú lórí ẹ̀ o, èyí tó ní kíríìmù lè dùn, kí wọ́n ṣáà fún un ní orúkọ míì.

Ó kan àwọn ọmọ. Oúnjẹ kan wà tí àwọn ọmọ Ítálì fúnra wọn ń jẹ, kì í sábà sí lórí mẹ́nù, àmọ́ kò sí kíṣìnì Ítálì tí ò lè ṣe é: pásítà oníbọ́tà àti ṣíìsì parmigiano. Ẹ sọ pé "pasta in bianco", ìyẹn pásítà funfun, wọ́n á mọ̀. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kò ta, kò ní nǹkan pupa tó máa ba aṣọ jẹ́. Fún Ìdòwú, ẹ ní kí wọ́n lo pásítà kúkúrú bíi penne, ọmọ ọdún mẹ́rin àti sìpàgẹ́tì, ara ògiri ni yóò parí sí. Àwọn ìbejì lè pín pízà kan, tí wọn ò bá jà sí i. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé kẹ́ ẹ pe oúnjẹ àwọn ọmọ níṣẹ̀ẹ́jú tẹ́ ẹ bá jókòó, kẹ́ ẹ tó ṣí mẹ́nù tiyín, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ ketekete pé ẹ fẹ́ kó dé ṣáájú. Tí ẹ ò bá sọ, kíṣìnì á dúró kí gbogbo ẹ̀ lè jọ jáde, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nìyẹn, tíṣù lẹ máa rí àwọn ọmọ jẹ bíi tàwa yẹn.

Àwọn ìkìlọ̀ kan wà tí mi ò gbọdọ̀ fò. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ nínú oúnjẹ wọn ju bẹ́ ẹ ṣe máa rí i lójú mẹ́nù lọ. Ó wà nínú carbonara, ó wà nínú ọbẹ̀ amatriciana tó dà bíi tòmátò lásán, ó sábà máa ń wà nínú ragù tí wọ́n fi ṣe lasagne yẹn náà. Tẹ́nì kan nínú yín ò bá jẹ ẹ́, ẹ béèrè abọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kì í jẹ ohun tó ti ara ẹran wá, kó mọ̀ pé nǹkan tí wọ́n yọ látinú ikùn ọmọ màlúù ni wọ́n fi ń mú kí mílíìkì parmigiano dì. Ẹni tí ara ẹ̀ kọ ẹ̀pà àti àwọn irúgbìn bẹ́ẹ̀, kó ṣọ́ra fún ọbẹ̀ pesto, torí irúgbìn igi páìnì ni wọ́n ń lọ̀ sí i, àwọn míì á sì fi kaṣú rọ́pò ẹ̀. Ẹni tí wíìtì ò bá lára mu, gnocchi pàápàá ní ìyẹ̀fun nínú. Tiramisù, nǹkan dídùn wọn kan, ní ẹyin tútù nínú lọ́pọ̀ ibi, nígbà míì wọ́n á ta ọtí sí i, kọfí sì wà níbẹ̀ dájú, torí náà mi ò ní fún ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí aláboyún. Ẹ sì jẹ́ n sọ ti "peperoni", tẹ́ ẹ bá rí i lórí mẹ́nù tí wọ́n kọ ní èdè wọn, tàtàṣé ni o, kì í ṣe ẹran pepperoni tí wọ́n ń tò sórí pízà. Mo rí ọkùnrin kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fa wétà lẹ́wù lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Lọ́jọ́ Sunday gan-an, ẹ pè wọ́n lórí fóònù ṣáájú, ẹ gba tábìlì ẹgbẹ́ ògiri fún aago méjìlá ààbọ̀, kí èrò tó dé. Aago kan ààbọ̀ ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù ní kíṣìnì, ìgbà yẹn ẹ̀yin á ti máa jẹ gelato, áísìkirìmù wọn. Tí wọ́n bá bi yín bóyá ọmọdé wà, ẹ sọ iye wọn, kí wọ́n lè mọ àga tí wọ́n máa gbé síbẹ̀. Ìpanu antipasti, ẹ pe àwo kan fún àgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tó. Wáìnì, tẹ́ ẹ bá ń mu ún, èyí tí ilé fúnra ẹ̀ ń tà ní jọ́ọ̀gì ló máa ń dáa jù fún ọ̀sán. Ti gelato, ẹ wo àwọ̀ ẹ̀: ti pistachio, irúgbìn kan bíi kaṣú, tí àwọ̀ ewé ẹ̀ bá ń dán yọ̀yọ̀, àwọ̀ ni wọ́n pò sí i, èyí tó jẹ́ ojúlówó, àwọ̀ ẹ̀ máa ń ṣú díẹ̀, ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kì í pọ́n rúsúrúsú, ó máa ń funfun bàìbàì ni. Àwọn ará Ítálì kì í sábà mu cappuccino, kọfí onímílíìkì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n ní mílíìkì yẹn ti pọ̀ jù lórí oúnjẹ. Tí bàbá ìbejì bá fẹ́ mu ún, kó mu ún, kò sẹ́ni tó máa mú un.

Tí sìpàgẹ́tì ọjọ́ àyẹ̀wò yẹn bá wá já yín kulẹ̀ ńkọ́, tí omi pupa ń ṣàn lábẹ́ ẹ̀, tó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀? Ẹ má tíì pa ibẹ̀ rẹ́. Ẹ wo tábìlì tó wà nítòsí yín, ẹ wo pízà tó ń jáde. Tí etí ẹ̀ bá wú, tó ní àmì dúdú tótòtó, tí ọkùnrin tó wà nídìí ààrò ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ tẹ ìyẹ̀fun, tí kò fi igi yí i, ẹ kó wọn lọ jẹ pízà nìkan, kẹ́ ẹ sì sọ fún gbogbo wọn nílé kẹ́ ẹ tó jáde pé pízà la ń lọ jẹ. Àwọn ilé pízà kan wà ní Naples tí kì í ta nǹkan míì, kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé pásítà dà. Ti màmá, ẹ ní kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́ fún wọn láti kíṣìnì wá.